A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìtàn Ìgbésí Ayé Louis Braille

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa nínú ìwé ìròyìn yìí, a tún mú ìtàn ẹnì kan tí ó ti kú tipẹ́ wá fún yín, kí a lè jọ rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí a mú ìtàn rẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí ni Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó ṣe ọ̀nà tí àwọn afọ́jú fi ń ka ìwé tí wọ́n sì fi ń kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí ìwé àwọn afọ́jú rí, ìwé tí kò ní yíǹkì rárá, tí ó jẹ́ pé kókó kéékèèké ni ó kún ojú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ọmọdé ni ó ṣe é. Ọmọ ọdún 15 ni Louis nígbà tí iṣẹ́ náà fi máa délẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn là ti ń gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì rí i ṣe bí ó ti yẹ, nítorí pé wọn kò bi àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún léèrè. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí ni ó wà lọ́kàn wa bí a ti ń kọ ìtàn yìí, nítorí àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara tí ń bẹ nínú ilé wa àti nínú ìjọ wa. A ó bá ọ̀rọ̀ tiwọn wí nígbà tí a bá parí ìtàn.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌJÀǸBÁ TÍ Ó BÁ A

A bí Louis Braille ní ọjọ́ 4, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1809, ní abúlé kan tí à ń pè ní Coupvray. Abúlé náà tó nǹkan bí kìlómítà 40 sí ìlú Paris, ní apá ìlà-oòrùn. Simon-René ni orúkọ bàbá rẹ̀, Monique sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, Louis sì ni àbíkẹ́yìn. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀. Gàárì àti ìjánu ẹṣin ni ó ń ṣe, ìsọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tí ìyàwó àti àwọn ọmọ ń gbé.

Ní ọdún 1812, nígbà tí Louis jẹ́ ọmọ ọdún 3, ó wọ ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin abiyamọ mọ bí ọmọ ọdún mẹ́ta ti rí: ohun tí ó bá rí lọ́wọ́ àgbà ni òun náà yóò fẹ́ fi ọwọ́ kàn. Ó mú irin ṣóńṣó tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń lu awọ, èyí tí à ń pè ní ìlu, ó ní òun náà fẹ́ ṣe bí bàbá òun ti ń ṣe. Irin náà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gún un ní ojú kan. Ní ayé ìgbà náà, kò sí oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn bí èyí tí a ní lónìí. Ojú náà wú, ó ń ṣọyún, kò sì pẹ́ tí àrùn náà fi ràn dé ojú kejì. Nígbà tí Louis fi máa pé ọmọ ọdún 5, ojú méjèèjì ti fọ́ pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ìyá náà wò. Ọmọ tí ó bí pẹ̀lú ojú méjèèjì tí ó mọ́ kedere wá di ẹni tí a ń fà lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà, agbe ṣíṣe ni ó sábà máa ń kẹ́yìn ọmọ afọ́jú tí òbí rẹ̀ kì í bá ṣe olówó. Ṣùgbọ́n Simon-René àti Monique kò fi ọmọ wọn pamọ́ sínú yàrá, wọn kò sì sọ fún ara wọn pé ó ti tán fún un. Bàbá rẹ̀ gbẹ́ ọ̀pá fún un tí ó fi ń wá ọ̀nà kiri abúlé. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ ilé bí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ yòókù. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé bàbá náà kan ìṣó olórí róbótó mọ́ pátákó ní ìrísí lẹ́tà, kí ọmọ náà lè fi ìka mọ bí a ti ń kọ A àti B.

Ní ọdún 1815, àlùfáà tuntun kan dé sí abúlé náà, Palluy ni orúkọ rẹ̀. Ó rí i pé ọmọ náà ní làákàyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ abúlé gbà kí Louis wá jókòó láàrin àwọn ọmọ tí ojú wọn là. Etí nìkan ni ó fi ń kẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ ó ń ṣe dáadáa ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Nígbà tí ó bá kan ìwé kíkà nìkan ni yóò jókòó jẹ́ẹ́ láìrí nǹkan ṣe.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ NÍ PARIS

Àwọn òbí rẹ̀ gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Paris fún àwọn ọmọ afọ́jú. Valentin Haüy ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1785, ó sì wà lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé. Ní oṣù kejì ọdún 1819, nígbà tí Louis ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 10, wọ́n mú un lọ síbẹ̀. Ilé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ilé-ẹ̀kọ́ náà. Inú rẹ̀ tutù, ògiri rẹ̀ sì máa ń rin. Àwọn ọmọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìwé, wọ́n ń kọ́ orin, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Níbẹ̀ ni Louis ti mọ dùùrù tẹ̀, nǹkan tí ó ṣe títí di ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀.

Ìwé wà nílé-ẹ̀kọ́ náà tí àwọn ọmọ lè kà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Haüy fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi ṣe àwọn ìwé náà. Lẹ́tà tí àwọn tí ojú wọn là ń kà ni ó mú, ó sọ wọ́n di ńlá, ó sì tẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé tí ó nípọn kí wọ́n lè yọ sókè, tí ọmọ yóò sì máa fi ìka tọ ipa wọn. Ìwé kan ṣoṣo tóbi, ó sì wúwo púpọ̀. Ọmọ á tọ lẹ́tà kan yíká, á tọ òmíràn, nígbà tí yóò bá fi dé ìparí gbólóhùn, ó lè ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó wá burú jù ni pé bí ọmọ tilẹ̀ lè kà á, kò lè kọ ọ́. Kò lè kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀, kò sì lè kọ ohun tí olùkọ́ sọ sílẹ̀ kí ó má baà gbàgbé.

Kì í ṣe pé Haüy kò fẹ́ràn àwọn ọmọ náà o. Ó fẹ́ràn wọn gan-an, ó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ojú ni ó fi ronú, kì í ṣe ìka. Ohun tí ó rọrùn fún ẹni tí ó ríran ni ó rò pé yóò rọrùn fún ẹni tí kò ríran.

ÀMÌ TÍ Ó TÓBI JU ÌKA LỌ

Ní nǹkan bí ọdún 1821, ọkùnrin kan tí ó ti ṣe ológun rí, Charles Barbier, mú ọ̀nà mìíràn wá sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kì í ṣe lẹ́tà ni ó lò, kókó kéékèèké ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ yóò fi irin ṣóńṣó tẹ ìwé láti ẹ̀yìn, yóò sì yọ sókè lójú kejì. Inú àwọn ọmọ dùn púpọ̀, nítorí pé ìka tètè ń mọ kókó ju bí ó ti ń mọ ìlà lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn náà lè kọ nǹkan.

Ṣùgbọ́n àbùkù wà níbẹ̀. Kókó 12 ni ó lè wà nínú àmì kan, mẹ́fà ní apá kan, mẹ́fà ní apá kejì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti rí, ẹ ro ọpọ́n ayò, ojúlé mẹ́fà ní ìhà kìn-ín-ní àti mẹ́fà ní ìhà kejì. Ìka ọmọ kò lè bo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní láti máa rìn lókè rìn nísàlẹ̀ kí ó tó mọ àmì kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí èyí, ìró ọ̀rọ̀ ni Barbier ń kọ, kì í ṣe lẹ́tà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tí ó bá lò ó kò ní mọ bí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí gbogbo ayé ń kà. Kò sí àmì ìdánudúró, kò sí àmì fún ìṣirò, kò sì sí ti orin.

Louis rí gbogbo àléébù wọ̀nyí, nítorí pé ìka tirẹ̀ ni ó ń kà á. Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n Barbier kò yí ètò rẹ̀ padà. Ta ni ọmọ ọdún 12 tí yóò kọ́ àgbà tí ó ti rin ìrìn-àjò ayé? Bí a ti ń ṣe náà nìyẹn. Àwọn bàbá wa sì ti sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Ohun tí ó wà nínú akèrèǹgbè yìí, ọwọ́ kékeré nìkan ni ó lè mú un jáde.

IṢẸ́ ÒRU

Louis kò bínú, kò sì jáwọ́. Ó mú èyí tí ó dára nínú iṣẹ́ Barbier, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ọ̀sán ni ẹ̀kọ́, nítorí náà òru ni ó fi ń ṣiṣẹ́ yìí, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti sùn. Òkùnkùn kò dí afọ́jú lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gba ìsinmi tí ó lọ sílé ní Coupvray, yóò gbé irin ṣóńṣó àti pátákó rẹ̀ dání, yóò sì máa tẹ ìwé lójú. Bí ó ti ń ṣe nìyí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Ní ọdún 1824, ó dé ibi tí ó ń lọ. Ó gé ọpọ́n ayò náà sí méjì: kókó mẹ́ta ní apá kan, mẹ́ta ní apá kejì, mẹ́fà péré. Ìka kan lè bo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá sì ti ń yí àwọn kókó mẹ́fà yìí padà, tí a fi èyí sílẹ̀ tí a mú tọ̀hún, a ó rí àmì 63 tí kò jọ ara wọn. Ìyẹn tó lẹ́tà, ó tó àmì ìdánudúró, ó tó òǹkà, ó sì tó orin. Ó tún tò ó kí ó má ṣòroó kọ́. Kókó mẹ́rin òkè ni ó fi ṣe lẹ́tà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Lẹ́tà mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e, bákan náà ni wọ́n rí, àfi kókó kan tí ó fi kún ìsàlẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ti mọ mẹ́wàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ogún nìyẹn.

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò dúró kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sílẹ̀, wọ́n ń da ìwé kọ, wọ́n ń kọ̀wé sí ara wọn. Pignier, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà nígbà yẹn, rí i pé ó ṣe wọ́n láǹfààní, ó sì fún wọn láyè. Ní ọdún 1828 Louis di igbákejì olùkọ́, ní 1833 ó sì di olùkọ́ gan-an. Ní 1829 ni ó gbé ìwé tí ó ṣàlàyé ọ̀nà rẹ̀ jáde, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Barbier nínú rẹ̀. Ní 1837 ni wọ́n tẹ ìwé ìtàn ilẹ̀ Faransé ní Braille ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ìdìpọ̀ mẹ́ta.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N FI ÒFIN DÈ É

Bí ó ti dára tó yìí, ìjọba kò tẹ́wọ́ gbà á. Èrò àwọn aláṣẹ ni pé kò yẹ kí àwọn afọ́jú ní ọ̀nà ìkọ̀wé tí ó dá yàtọ̀, wọ́n ní yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dá yòókù. Àwọn olùkọ́ tí ojú wọn là kò sì fẹ́ ìwé tí àwọn fúnra wọn kò lè kà. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn ọmọ jọ láti bi wọ́n pé èwo ni ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ní ọdún 1840 wọ́n yọ Pignier kúrò, Dufau sì gba ipò rẹ̀. Dufau fi òfin dè é pé kí ọmọ kankan má ṣe lo kókó Louis mọ́. Lẹ́tà bí ti àwọn tí ó ríran ni kí wọ́n máa kà. Àwọn tí ó kọ ìtàn náà sọ pé wọ́n dáná sun ìwé, wọ́n gba irin ìkọ̀wé lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì ń fìyà jẹ ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò gbà. Ohunkóhun tí ó bá ti ní ẹnu ṣóńṣó ni wọ́n fi ń kọ̀wé ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn àgbà ń kọ́ àwọn àbúrò lórí ibùsùn lálẹ́. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe rò pé àgídí lásán ni. Ẹni tí ó ti kọ̀wé fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó ti ka èrò ọkàn rẹ̀ padà, kò lè gbà kí a sọ ọ́ di ẹni tí à ń kàwé fún mọ́.

Igbákejì Dufau, Joseph Guadet, ni ó kọ́kọ́ ronú pìwà dà. Ó ti ń wo àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó sì rí i pé ohun tí wọ́n fi ara wọn wewu fún kò lè jẹ́ ohun asán. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ títí ó fi gbọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1844, nígbà tí wọ́n ń ṣí ilé tuntun fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, Guadet ka àlàyé ọ̀nà Louis sí etí gbogbo àwọn tí ó péjọ. Wọ́n wá ní kí àwọn ọmọ ṣe é kí gbogbo ènìyàn rí i. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ sí ọmọ kan létí, ó kọ ọ́ ní kókó, ọmọ mìíràn sì fi ìka kà á jáde. Láti ọjọ́ náà ni òfin tí ó dè é ti tú. Àwọn ọmọ ni ó jẹ́rìí, ẹ̀rí wọn ni ó sì borí.

ÌWÀ RẸ̀ ÀTI IKÚ RẸ̀

Louis kò gbéyàwó. Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, olùfọkànsìn nínú Ìjọ Àgùdà, ó sì tẹ dùùrù ní àwọn ilé ìjọsìn ńlá ní Paris. Ọwọ́ rẹ̀ ṣí sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó máa ń yá wọn lówó, ó sì sábà máa ń fi í jì wọ́n. Wọ́n sọ pé ó fi àpótí kékeré kan sílẹ̀ nígbà tí ó kú, ó ní kí wọ́n sun ún láìṣí i. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìwé gbèsè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwa ìyá yóò fẹ́ gbọ́. Ní 1839 Louis tún gbé ọ̀nà mìíràn jáde, tí afọ́jú lè fi kókó ya lẹ́tà tí ẹni tí ojú rẹ̀ là yóò lè kà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Foucault, tí òun náà jẹ́ afọ́jú, sì ṣe ẹ̀rọ tí ó mú un yá. Nípa bẹ́ẹ̀ ọmọ afọ́jú lè kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ nílé, láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ.

Láti nǹkan bí ọdún 1835 ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń bá a jà. Ó kú ní ọjọ́ 6, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1852, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 43. Wọ́n gbé e lọ sin ní Coupvray. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1854, ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó gba Braille wọlé gẹ́gẹ́ bí òfin. Ní 1878, àpérò kan tí ó péjọ ní Paris gbà pé kí ó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1952, tí ó pé 100 ọdún tí ó ti kú, ìjọba Faransé hú òkú rẹ̀, wọ́n lọ sin ín sí Panthéon, níbi tí wọ́n ń sin àwọn akọni wọn sí. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ fún wọn ní Coupvray. Helen Keller, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, wà ní Paris fún ayẹyẹ náà. Láti ọdún 2019 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 4, oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ ìbí rẹ̀, sọ́tọ̀ fún ìrántí Braille. Èdè Yorùbá wa náà ní àmì Braille tirẹ̀, tí ó fi dé orí ẹ, ọ àti ṣ. Ní Pacelli, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Surulere, ní Èkó, ní ọdún 1962, àwọn ọmọ wa ń fi ìka kàwé nítorí ohun tí ọmọ ọdún 15 kan ṣe ní òru.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Àwa náà máa ń fá orí lẹ́yìn olórí. Ní ìdúpẹ́ ìkórè ọdún kan, àwa obìnrin ìjọ kan ṣètò láti ran ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é rìn. A rán aṣọ fún un, a sì gbé e síwájú ìjọ kí àwọn ènìyàn lè ṣàánú rẹ̀. Owó wọlé, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sunkún títí ìsìn fi parí. Ó pẹ́ kí ọ̀kan nínú wa tó kúnlẹ̀ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́. Kò fẹ́ aṣọ, kò sì fẹ́ kí a gbé òun síwájú. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé àga òun sáàrin àwọn ọmọ tí ń kọrin, nítorí pé ó mọ gbogbo orin náà sórí. Ohun tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ni ó ń fẹ́, àwa kò sì mọ̀, nítorí pé a kò bi í. Ojú tì wá. Jésù Olúwa wa gan-an, nígbà tí Bátíméù afọ́jú tọ̀ ọ́ wá, kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó fẹ́ kí a ṣe fún un, bẹ́ẹ̀ ẹni gbogbo rí i pé afọ́jú ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àánú nìkan, òfin ti wà fún un. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé, ti ọdún 1989, sọ pé kí a gbọ́ èrò ọmọ nínú ohun tí ó bá kàn án. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1991. Àdéhùn ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara tún un sọ fún àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara gan-an, ó sì fi kún un pé kí a ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè sọ èrò wọn. Ìjọba wa ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 sì ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó ní kí a má ṣe fi ọwọ́ rọ́ aláàbọ̀ ara sẹ́yìn.

Kí ni a wá lè ṣe? Bí a bá fẹ́ mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí a mú un lọ wò ó kí a tó sanwó, kí a sì gbọ́ ohun tí ó rí níbẹ̀. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ jẹ́ kí a sọ fún ọmọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i lára, ní èdè tí yóò yé e, kí a má ṣe máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè orí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ lè nawọ́ sí nǹkan, ó lè fi orí dáhùn, ó lè fi àwòrán hàn. Ìyá tí ó bá fara balẹ̀ yóò mọ ohun tí ojú ọmọ rẹ̀ ń wí. Ọmọ tí làákàyè rẹ̀ kò yá, ẹ má ṣe to nǹkan mẹ́wàá síwájú rẹ̀. Ẹ fi méjì hàn án, ẹ fún un ní àkókò, ẹ sì gba èyí tí ó bá mú. Nínú ìjọ, kí àwọn olùkọ́ ọmọdé béèrè lọ́wọ́ ọmọ adití ibi tí yóò jókòó tí yóò fi rí ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì bi ọmọ afọ́jú léèrè apá tí ó fẹ́ kó nínú ayẹyẹ ọdún àwọn ọmọdé.

A kò sọ pé kí a di ẹrù àgbà lé ọmọ lórí o. Òbí ni yóò ṣì pinnu, òbí ni yóò sì dáhùn fún un. Gbogbo ohun tí ọmọ bá béèrè kọ́ ni a ó ṣe, bí a kò bá sì ní ṣe é, ó yẹ kí a sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí Simon-René bá ti fi Louis pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, tàbí bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn bá ti gbà pé àgbà ló mọ̀ ọ́n jù, a kò mọ iye ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí kì bá tí fọwọ́ ara wọn ka ìwé kan títí wọn yóò fi kú.

Kí a tó tún pàdé nínú ìwé ìròyìn tí ń bọ̀, a bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kí ó wá ọmọ aláàbọ̀ ara kan tí ó mọ̀, nílé tàbí ní àdúgbò, kí ó jókòó tì í, kí ó béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀ nípa ìgbésí ayé tirẹ̀, kí ó sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán. Kí Olúwa fún wa ní etí tí ń gbọ́, kí ó sì bá wa wo àwọn ọmọ wa. Àmín.